Ògiri Tó Ń Móoru

"Ẹ gbọ́wọ́ lé e kí ẹ wò ó," ni Màmá onílé wí, tẹ̀rín-tẹ̀rín. "Látìgbà tí mo ti sún bẹ́ẹ̀dì mi mọ́ ògiri yìí ni ẹ̀yìn ò ti dùn mí mọ́. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ ò ní jìyà lọ́jọ́ alẹ́ yín."

Agbaṣẹ́ṣe gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Àbúrò rẹ̀, ẹni tó ri wáyà iná sínú ògiri náà, bojú wolẹ̀.

Báwo ni kò ṣe ní bojú wolẹ̀? Ọ̀gbẹ́ni ò ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ iná rárá! Ẹ̀gbọ́n ló ní ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, òun náà ló sì ní kí àbúrò máa ṣe é lọ, torí Màmá ń kánjú àtikó wọlé. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ ìjọba wá wo wáyà kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Wọn ò pè é. Wọ́n rẹ́ ẹ, wọ́n kùn ún, ó ń dán gbinrin.

"Bọ̀dá," àbúrò rẹ ohùn sílẹ̀, "ẹ jẹ́ ká kàn ní kí wọ́n sún bẹ́ẹ̀dì kúrò. Bí ìjọba bá gbọ́ sí i, wọ́n á gba ìwé àṣẹ yín. Kí lẹ fẹ́ máa jẹ?"

"Tó bá gbiná ńkọ́?"

"Kò tíì gbiná."

"Kò tíì! Ṣé o gbọ́ ohun tó tẹnu ẹ jáde ṣá?"

Màmá ti fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n dijú, ara tù wọ́n. Ojú ti agbaṣẹ́ṣe débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Gbogbo ilé tó ti kọ́, kò sẹ́ni tó ṣàdúrà fún un báyìí rí.

Ó jáde lọ pa iná gbogbo ilé níbi mítà. Òòlù ló mú bọ̀.

"Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Wáyà tá a rì síbẹ̀ ló ń gbóná. Ó lè jó yín mọ́lé. Èmi ni mo ní kí wọ́n bò ó láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò."

Màmá dìde. Wọ́n gbé ìrọ̀rí wọn mọ́ra.

"Èmi sì ń ṣàdúrà fún ẹ," ni wọ́n wí.

Agbaṣẹ́ṣe gbé òòlù sókè. Ó fọ́ ògiri náà. Rọ́bà ara wáyà ti yọ́, ó ti dúdú bí èédú. Àbúrò na ọwọ́ láti fà á yọ.

"Má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba bá a bẹ́ẹ̀."

Ó pe òṣìṣẹ́ ìjọba lórí fóònù. Ọkùnrin náà béèrè ẹni tó ṣiṣẹ́ iná náà. Àbúrò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi ni mo gbaṣẹ́ yẹn, sà," ni agbaṣẹ́ṣe dáhùn. "Èmi ni kí ẹ wá bá. Mi ò ní kúrò níbí."