Ẹni Tó Ṣe Úmúrà ní Kasarawa

Kí ìyá ọkọ Rasheedat tó béèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá, abáyà dúdú ló kọ́kọ́ fà yọ nínú báàgì. Ó fa tẹ̀súbáà yọ, ó fa bàtà funfun tuntun yọ, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lé orí bẹ́ẹ̀dì tí ọmọbìnrin náà ti ń fi òógùn, òtútù àti ẹkún bá ara rẹ̀ jà láti oṣù Ṣáábánì.

"Tètè wọ̀ ọ́," ni Alhaja Bùsírátù wí. "Bàlúù Àbújá kò ní í pẹ́ balẹ̀."

Rasheedat kò mọ ohun tó kan òun kan bàlúù. Ilé ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún ló wà, ní Kasarawa, létí ìlú Sókótó. Ọjọ́ náà ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ó ti fọ aṣọ rẹ̀, ó ti dágbére fún àwọn tí wọ́n jọ wà ní yàrá, ó sì ń retí Tàjúdíìn ọkọ rẹ̀ pé kó wá mú òun. Tàjúdíìn wá lóòótọ́. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà pé wọ́n á jí i gbé.

"Bàlúù ta ni, Màmá?"

"Tìẹ ni. Ṣé kì í ṣe Mẹ́kà lo ti ń bọ̀ ni? Gbogbo àdúgbò wa ní Gawon Nama ló mọ̀ pé o lọ ṣe Úmúrà. O gba ààwẹ̀ ńbẹ̀, o túnu ńbẹ̀. Ẹnu ti ń ro mí, bí mo ṣe ń bá ẹ gba kú oríire."

Háà! Inú bí Rasheedat débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ìgbà yẹn ni nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa ń gba àlejò láàyè nílé ìtọ́jú náà. Nínú ààwẹ̀, ẹbí àwọn ẹlòmíràn á gbé ògì àti àkàrà wá, wọ́n á jókòó ti èèyàn wọn títí wọ́n á fi jọ ṣínu. Ẹnikẹ́ni kò wá sọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó rò ó títí, ó bú ara rẹ̀ títí, ó gbà pé ìwà òun ló ti sú wọn. Àṣé wọn kò lè wá ni. Ta ló máa ń gbé ògì láti Gawon Nama lọ sí Mẹ́kà?

Rasheedat kò jalè, kò sì ṣe ìṣekúṣe. Ikọ́ ló mú un, ikọ́ ọyẹ́ Sókótó tó máa ń ha ọ̀fun àlejò. Ọmọ Ìlọrin ni, kò tíì pẹ́ nígbà náà tó fẹ́ Tàjúdíìn tó ń ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Kàbírù tó ní ṣọ́ọ̀bù oògùn ní ìkóríta wọn ta omi ikọ́ kan tó ní kodíìnì nínú fún un. Ikọ́ lọ. Omi ikọ́ kò lọ. Nígbà tó yá, ìgò kan kò tó o lóòjọ́ mọ́, ó ń tòògbé sórí ìkòkò ọbẹ̀, ó ń purọ́ láàárọ̀, ó ń purọ́ lálẹ́, ó sì ń sọ òkò ọ̀rọ̀ lu ẹni tó bá jí i. Ọjọ́ tó dákú sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí Kasarawa.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń gbé lọ sílé láti ibẹ̀. Hajiya Hadiza, àgbà nọ́ọ̀sì wọn, ló fi èdè Hausa là á yé e, tó tún un sọ títí tó fi mọ́ ọn lára. Ó ní bí Rasheedat bá délé, kó má ṣe fi àìsàn yìí pamọ́. Kó sọ fún aládùúgbò, kó sọ fún ọ̀rẹ́, kó sọ fún ẹni tó ń ta oògùn náà lójú gbogbo èèyàn pé kó má tà á fún òun mọ́. Àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, kò sẹ́ni tó máa báni ṣọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tí wọ́n padà wá sí Kasarawa lẹ́ẹ̀kejì, àwọn tí ilé wọn bò mọ́lẹ̀ ni. Rasheedat ti rí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n gbé e wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ààwẹ̀, kò sì dá orúkọ ara rẹ̀ mọ̀. Ó ti pinnu pé òun kò ní í padà wá bẹ́ẹ̀.

"Màmá, mi ò dé Mẹ́kà. Mi ò lè fi ilé Ọlọ́hun parọ́."

"Ta ní kó o parọ́? Dákẹ́ ni mo ní kó o dákẹ́. Èmi ni mo parọ́, ọrùn mi ni ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ wà. Àbúrò ọkọ ẹ fẹ́ gbéyàwó lẹ́yìn Iléyá. Tí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn amoògùnyó ló wà nílé wa, ta ló máa fún wa lọ́mọ?"

Rasheedat yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin náà gbọ́, ẹ ò rí nǹkan sọ?"

"Ṣe é bí Màmá ṣe wí, jọ̀ọ́," ni Tàjúdíìn fèsì. "Tó bá di ọ̀la, a ó jọ sọ ọ́."

Ọ̀la! Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yìí kò fẹ́ bá ìyá rẹ̀ sọ, ọ̀la ló máa ń sún un sí. Rasheedat wọ abáyà náà nítorí pé ó fẹ́ kúrò níbẹ̀, ó fẹ́ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀, agbára àríyànjiyàn kò sì tíì padà sí i lára.

Ẹ má rò pé ilé ni wọ́n gbà lọ tààrà. Pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n gbé e lọ. Wọ́n dúró níbẹ̀ títí àwọn tó ti Àbújá dé fi ń jáde, Alhaja Bùsírátù sì tì í sáàárín wọn pẹ̀lú báàgì, ó yọ fóònù síta láti ya fọ́tò, ó ní, "Rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìwọ náà." Rasheedat la eyín. Ẹni tó bá wo fọ́tò yẹn dáadáa á mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ gé èèyàn jẹ ló wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Gawon Nama, fọ́tò ti ṣáájú wọn wọlé.

Ilé kún. Àwọn obìnrin tẹ́ ẹní láti pálọ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Barka da zuwa, Hajiya!" "Alhaja wa, ẹ kú àbọ̀, Ọlọ́hun á gbà á o!" Wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lára, wọ́n ń fi ọwọ́ náà pa ojú ara wọn. Alhaja Bùsírátù ń pín dàbínù, ó sì to àwọn ìgò kéékèèké sórí tírée, ó ní omi sámúsámù ni, omi kànga Mẹ́kà tí ìyàwó òun fi ọwọ́ ara rẹ̀ bù. Òǹgbẹ ń gbẹ Rasheedat, ó sì wọ ilé ìdáná lọ mu omi. Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀rá pọ́ọ̀wótà tí wọ́n ti gé ẹnu rẹ̀, ó kún abọ́ ìfọṣọ kan dẹ́múdẹ́mú. Irọ́ ti bí ọmọ, ọmọ irọ́ sì ti ń rìn kiri nínú pálọ̀.

Nígbà tó padà jókòó, Kàbírù wọlé. Ó lóṣòó síwájú Rasheedat, ó kí i kú àbọ̀, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ lédè Hausa. "A ò rí ẹ fún ìgbà pípẹ́. Ọjà tuntun ti dé. Mo tọ́jú tìẹ sọ́tọ̀."

Rasheedat fẹ́ bú u, ṣùgbọ́n itọ́ tútù ti kún un lẹ́nu. Ara rẹ̀ ti gbọ́, ara rẹ̀ sì ti ń dáhùn. Ẹ̀rù bà á ju bó ṣe bà á lọ́jọ́ tó dákú. Ó wo gbogbo èèyàn tó kún ilé náà, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n lé ọkùnrin yìí síta. Ìyá ọkọ rẹ̀ tún fún Kàbírù ní dàbínù! Ó fún un lómi, ó ní kó rọra mu ún, omi ìbùkún ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Alhaja Bùsírátù fa ìyàwó ọmọ rẹ̀ jáde nínú kòtò tán, ó wá ń ṣa ewé bo ẹnu kòtò náà.

Ibi tó ti ń gbé itọ́ yẹn mì ni Ìyá Fathiat ti kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni obìnrin yìí, ògiri kan ló wà láàárín ilé wọn. Ó fa Fathiat, ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, mọ́ra.

"Alhaja, ẹ ṣàánú mi. Ẹ bá mi ṣàdúà fún ọmọ yìí. Àdúà ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé Ọlọ́hun dé, wọ́n ní kì í padà lásán. Oorun ni tọ̀sán tòru. Á máa họ imú, á máa họ ojú. Á bínú títí, á tún máa rẹ́rìn-ín lásán. Tíra tí mo ti rà kò lóǹkà. Wọ́n ní àǹjọ̀nú ni. Ẹ fún mi nínú omi yẹn kó máa mu ún láràárọ̀."

Rasheedat gbé àgbọ̀n ọmọ náà sókè. Ojú rẹ̀ ti kéré, ìpéǹpéjú rẹ̀ wúwo. Èémí rẹ̀ ń ta sánsán bí súìtì, òórùn tí Rasheedat mọ̀ bí ẹni mọ òórùn aṣọ ìyá rẹ̀. Fathiat náà rí i pé ó ti mọ̀. Ó mi orí díẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ.

"Ìgò ńlá ni kí n fún wọn," ni Alhaja Bùsírátù wí, ó sì nawọ́ ìgò kan síwájú.

Rasheedat já ìgò náà gbà, ó ṣí i, ó da omi inú rẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo ilé figbe ta. "Subhanallahi! Omi sámúsámù!"

"Ẹ yé pariwo! Omi pọ́ọ̀wótà ni! Ọ̀rá rẹ̀ ń bẹ nílé ìdáná, ẹni tójú ń kán kó lọ wò ó." Ohùn rẹ̀ ga débi pé òun náà kò mọ̀ ọ́n mọ́. "Mi ò dé Mẹ́kà. Kasarawa ni mo wà, nílé ìtọ́jú àwọn tó ń mu oògùn. Omi ikọ́ ni mò ń mu, mo mu ún títí mo fi dákú. Ẹni tó ń tà á fún mi nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ń fún ní dàbínù. Kàbírù, má sá lọ! Gbọ́ ọ lójú gbogbo wọn: má tà á fún mi mọ́. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹ wọ́ mi jáde!"

Kàbírù ti dé títì.

"Orí ẹ̀ ti dàrú," ni Alhaja Bùsírátù ń wí káàkiri. "Oòrùn Mẹ́kà ló pa á. Ẹ má dá a lóhùn."

"Màmá, ẹ dákẹ́." Tàjúdíìn ló sọ bẹ́ẹ̀. Kò pariwo, ojú rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. "Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo gbé e lọ."

Rasheedat ti yíjú sí Ìyá Fathiat. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, Màmá. Kò sí àǹjọ̀nú lára ọmọ yìí. Ohun tí mò ń mu ló ń mu."

Ìyá Fathiat fò dìde. "Kó burú fún ẹ! Ọmọ tèmi? Ọmọ tí mo fi kéwú tọ́? Nítorí pé ìwọ ti bayé ara ẹ jẹ́, o fẹ́ kó tọ́mọ mi mọ́ ọn! Dìde, Fathiat, jẹ́ ká lọ."

Fathiat kò dìde. Ó ń wo Rasheedat.

"Àǹtí," ó ní, "ṣé wọ́n máa ń dè yín mọ́lẹ̀ ńbẹ̀?"

Ọwọ́ Ìyá Fathiat ṣì wà lókè, ó fẹ́ fi fa ọmọ rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé e sí mọ́.

"Wọn kì í deni," ni Rasheedat dá a lóhùn. "Ó máa ń dunni gan-an. Ṣùgbọ́n wọn kì í deni."

Ìyá Fathiat bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì tó tutù. Ó sún mọ́ Rasheedat, ó gbé ẹnu sí i létí, ó ń fi gèlè bo ẹnu kí àwọn yòókù má bàa gbọ́. "Níbo nibẹ̀ yẹn wà? Ẹ jọ̀ọ́, kó mọ sáàárín àwa méjèèjì. Màá sọ fún wọn pé Ògbómọ̀ṣọ́ ló lọ, sọ́dọ̀ ìyá mi."

Ìbínú tún ru sókè lọ́kàn Rasheedat, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọn obìnrin náà jìgìjìgì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké. Ó fà sẹ́yìn.

"Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, Màmá," ó ní. "Mi ò gbọ́."

Ìyá Fathiat wò ó bí ọ̀tá. Ó wo àwọn aládùúgbò lórí ẹní, ó wo ọmọ rẹ̀ tó ti tún ń tòògbé lórí ìjókòó. Ó ká gèlè kúrò lẹ́nu.

"Mo ní," ó wí, "níbo ni wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ tó ń mu oògùn?"

Kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ.