Aṣọ Japheth Bu Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

“Tísà, ẹ kàn bá mi ṣí i ni. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà kí ẹ máa wò mí. N ò ní mú ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n sá àwọn aṣọ náà sóòrùn díẹ̀, ká sì tún dá wọn padà.”

Abigail ló ń sọ̀rọ̀, lórí ìkúnlẹ̀, nínú aṣọ dúdú opó. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Japheth ọkọ rẹ̀ ni òjò ti ń da ìlú Japara láàmú. Òjò burúkú, tí iyọ̀ fi ń yọ́ nínú agolo.

Akínbọ́lá, àbúrò olóògbé, tísà ní ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Nínú ìdílé wọn, bí ọkùnrin bá kú, wọn á ti yàrá rẹ̀ àti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ pa títí di ọjọ́ ìpín-ogún, kí opó má baà jí nǹkan. Tísà ni Bọ̀dá Nathaniel, àgbà ilé, kó kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, torí ó kàwé.

“Omi ń gba ara ògiri wọlé sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà,” ni Abigail tún wí. “Mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí aṣọ yẹn bá bàjẹ́, èmi ni wọn ó di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Wọn ò ní jẹ́ kí èmi àti ọmọ mi gbé ilé yìí.”

“Mo gbọ́. N ó bá Bọ̀dá sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń tọrọ ata ló ṣe sọ ọ́. Bọ̀dá ní, “Omijé obìnrin ti tàn ọ́ jẹ. Bó o bá ṣí i, ọwọ́ rẹ la ó ti béèrè gbogbo ohun tó bá sọnù.” Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìmọ́tótó, tó ń kọ ọ́ sójú pátákó pé ibi tí atẹ́gùn kò bá dé ni aṣọ ti ń bu, òun náà ló fọwọ́ bo ẹnu. Abigail bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u.

Ọjọ́ ìpín-ogún pé, ẹbí kún yàrá. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ti wú. Tísà fà á tipátipá kó tó ṣí. Òórùn ìkasì kọ lù wọ́n. Agbádá, kóòtù, aṣọ àdúrà funfun tí Japheth ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ebu ti bò wọ́n, ibì kan dà bí ẹni pé wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun sí i, ibì kan dúdú wẹẹrẹ-wẹẹrẹ.

“Yéè!” Sarah, ẹ̀gbọ́n Japheth lóbìnrin, figbe ta. “Japheth ń sọ̀rọ̀ o! Ẹ wo aṣọ àdúrà rẹ̀! Ẹni tó pa á ló ń fi hàn wá!”

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ opó.

“Mo ti sọ ọ́,” ni Bọ̀dá wí. “Ikú yẹn kì í ṣe ojú lásán.”

Abigail ò sunkún. Tísà ló wò. “Ọkọ mi, ẹ sọ fún wọn. Mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣí i. Ẹ sọ fún wọn pé omi ni.”

Gbólóhùn kan péré ló yẹ kí Tísà sọ: “Omi ni, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ wà.” Tísà wo Bọ̀dá, ó wo Sarah.

“Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ná,” ló wí. Ojú tì í, àmọ́ ìtìjú tí kò lè lahùn, kí ló fẹ́ ṣe fún opó?

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ju ẹrù Abigail síta. Ó pọn Ọmọ́títí, ọmọ rẹ̀, ó sì wọ ọkọ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Ìlápòrú. Ẹnì kan ò sìn ín. Àwọn ọmọdé àdúgbò ti ń pè é ní ìyá tó pa ọkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn mú. Sarah àti àwọn ìyàwó ilé kó aṣọ náà jáde, wọ́n fi ọṣẹ dúdú àti omi òróǹbó wẹ́wẹ́ fọ̀ wọ́n, wọ́n sá wọn. Gbogbo rẹ̀ ló mọ́ tónítóní. Kò sẹ́ni tó tún sọ pé Japheth ń sọ̀rọ̀, kò sì sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí Ìlápòrú.

Bọ̀dá mú agbádá. Kóòtù ni wọ́n pín fún Tísà. Ó bá a mu régí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìyàwó rẹ̀ ní kó yíjú kí òun wo ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ó yíjú sí ògiri, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.