Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Ẹ ti fura, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí: fíìmù náà ò yé ẹnikẹ́ni. Ó dùn ún wò o, kò sẹ́ni tó jiyàn ìyẹn. Àwọn ọlọ́ṣà inú rẹ̀ wọ bàtà dídán, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí eyín ń ro, wọ́n sì ń tan sìgá tí wọn ò ní mu. Ṣùgbọ́n nígbà tó kù díẹ̀ kí ọwọ́ tẹ apààyàn, fíìmù dúró sójú kan: ọ̀dẹ̀dẹ̀ òfìfo, ìlẹ̀kùn kan lópin rẹ̀, odidi ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi í hàn, ọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ̀rọ yín ti há o!" Gbogbo gbọ̀ngán bú sẹ́rìn-ín.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá ilé sinimá, obìnrin kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀, fi ránṣẹ́ pe olùdarí fíìmù náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Awò Dúdú ni gbogbo ènìyàn ń pe olùdarí yìí, nítorí pé kì í bọ́ awò dúdú ojú rẹ̀ nínú ilé tàbí níta. Ó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ gbá àga kó tó rí i pé àga ni, ó sì jókòó bí ẹni pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

"Ẹ gé ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kúrò," ni obìnrin náà wí. "Tí ẹ ò bá gé e, láti ọjọ́ Ajé, fíìmù àwọn ọmọdé ni mo máa fi rọ́pò tiyín."

"Ẹ fi ti ẹyẹlé rọ́pò rẹ̀ pàápàá. Mi ò gé nǹkan kan."

Àbúrò Awò Dúdú obìnrin jókòó tì í. Òun ló bá a to gbogbo àwòrán náà pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà nínú ilé ìdáná màmá wọn. "Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "ààbọ̀ wákàtí ni mo máa fi gé e. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ rí."

"Èmi á mọ̀."

"Àwọn tó wá wòran ńkọ́? Màmá gan-an sùn."

"Màmá ò sùn. Wọ́n dijú kí wọ́n lè ronú ni."

"Wọ́n ń hanrun, bọ̀ọ̀dá mi."

Awò Dúdú dìde. "Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ya fídíò ìgbéyàwó. Ya àǹtí mi. Ya bàtà mi. Má ya ikùn mi. Mo gbọ́, mo sì yà. Èyí ni fíìmù mi àkọ́kọ́. Tí ẹ bá yọ ọ́, ìdí ìgbéyàwó náà ni mò ń padà sí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ọkàn fíìmù mi. Èmi ni mo rò ó, èmi ni mo dúró tì í títí wọ́n fi yà á. Ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó kọ́kọ́ gé ọwọ́ mi."

Ọ̀gá ilé sinimá wò ó títí. Bóyá ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ni o, bóyá ohùn ọkùnrin náà ló sú u, a ò mọ̀. "Ó dáa," ó ní. "Lọ́sàn-án Sátidé, tí fíìmù bá parí, ẹ jáde síwájú àwọn òǹwòran, kí ẹ sọ ohun tí ẹ sọ yìí fún wọn. Tí wọ́n bá ní kó dúró, á dúró."

Lọ́jọ́ Sátidé, gbọ̀ngán kún dé ìdajì, ẹbí sì pọ̀ nínú ìdajì ọ̀hún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé, àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹnì kan wúkọ́. Iná ò tíì tàn tán tí Awò Dúdú fi gba máíkì.

"Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ máa rín in lọ! Ariwo ló ti bà yín jẹ́. Tí ẹnikẹ́ni ò bá ti yìnbọn, ẹ̀rọ ti há lójú yín." Ó sọ bóun ṣe séèémí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, bóun ṣe ní kí ẹnikẹ́ni má mira, bóun ṣe dúró títí ìmọ́lẹ̀ fi kan ìlẹ̀kùn. "Mi ò tọrọ àforíjì. Ọ̀la náà, bẹ́ẹ̀ ni mo máa yà á!"

Nọ́ọ̀sì kan tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ dìde níwájú. "Ọ̀gá, òótọ́ lẹ sọ. Irú ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo ń rìn lójoojúmọ́. Nígbà tí òjìji kan wá kọjá lábẹ́ ìlẹ̀kùn, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Apààyàn náà ni, àbí?"

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn gbè é. Kò pẹ́, ilé sinimá ń hó. Ọ̀gá ibẹ̀ na àtàǹpàkò sókè: ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà dúró. Àní màmá Awò Dúdú, tí ojú wọn dá ṣáká, ń sọ fún ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn pé, "Ọmọ mi nìyẹn."

Ẹlòmíràn ì bá gba ilé lọ. Awò Dúdú tẹrí ba lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ kí wọ́n lè rí omijé tí kò sí níbẹ̀, ó sì nawọ́ pe ayàwòrán rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Má-Mì nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ó fi máíkì lé e lọ́wọ́.

"Sọ fún wọn. Wákàtí mélòó la fi dúró de òjìji yẹn?"

Má-Mì wo máíkì, ó wo nọ́ọ̀sì.

"Èmi ni òjìji yẹn, mà," ó ní. "Gbogbo wa ti lọ jẹun. Mo gbàgbé láti pa kámẹ́rà, mò ń padà bọ̀ wá pa á ni."