Ta Ló Ba Ìfun Akínṣọlá Jẹ́?

"Akín, gbé ọwọ́ rẹ kúrò nínú abọ́ yẹn!"

Ọláwùmí kò tíì wọlé tán tí ó fi pàṣẹ náà. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀ Akínṣọlá, àbúrò rẹ̀, ní Òkòkòmáìkò, ó sì ń wo Mosúnmọ́lá, ìyàwó àbúrò rẹ̀, bí ẹni ń wo olè tí ọwọ́ tẹ̀.

Akínṣọlá gbé ọwọ́ kúrò lóòótọ́. Ọjà Àlàbá ni ó ti ń tún tẹlifíṣàn ṣe kí àìsàn tó dá a jókòó sílé. Láti ìgbà òjò ni ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ti rù kan egungun, kì í rí oorun sùn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tí kì í bá jà.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n mi," ni Mosúnmọ́lá wí lórí ìkúnlẹ̀. "Kí ni oúnjẹ mi ṣe?"

"Kí ni kò ṣe? Ta ló ń jẹ ẹ́ tí ó rù báyìí?"

"Èmi àti Dámilárá náà ń jẹ ẹ́. A kò rù."

"O mọ apá ibi tí o fi májèlé sí. Kí ni yóò mú ọ rù?"

Mosúnmọ́lá dìde láìjẹ́ pé wọ́n ní kó dìde. "Bàbá Dámilárá, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ sì dákẹ́?"

Akínṣọlá ń wo ilẹ̀. "Mo kàn ń ṣọ́ra ni."

Ọláwùmí ti mú kápúsù jáde nínú àpò rẹ̀, kápúsù aláwọ̀ méjì tí gbogbo àdúgbò ń gbé mì nígbàkúùgbà tí inú bá ti run wọ́n. "Gbé méjì mì. Èyí ni yóò fọ májèlé náà dànù. Mo sì ti sọ fún Bàbá Májẹ́kódùnmí, olórí ẹbí wa: bí ara rẹ kò bá yá títí di Àìkú, obìnrin yìí yóò kó ẹrù rẹ̀, Dámilárá yóò sì máa bá mi gbé."

Dámilárá, ọmọ wọn tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, rọra ti abọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. "Mọ́mì, n kò jẹ mọ́."

Gbólóhùn yẹn dun Mosúnmọ́lá ju ẹ̀sùn náà lọ. "Ó dára. Kí n tó kó ẹrù, ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Kí ẹ̀yin náà bá wa lọ, ẹ̀gbọ́n mi, kí ẹ má baà ní mo bá dókítà dìtẹ̀."

"Màá lọ! Etí ara mi ni n óò fi gbọ́ orúkọ májèlé náà."

Ilé ìwòsàn kan ní Ìbà ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò jáde, Dókítà Ìdrís pe àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé.

"A kò rí májèlé kankan," ni ó wí. "Oògùn wo ni ẹ ń lò?"

"Kápúsù aláwọ̀ méjì ni, tàárọ̀ tirọ̀lẹ́," ni Akínṣọlá dáhùn. "Ìrẹsì kan tí mo jẹ ní Àlàbá ló da inú mi rú. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní kápúsù. Nígbà tí ìgbẹ́ náà kò dá, wọ́n ní kí n fi kún un."

"Dókítà wo ló kọ ọ́ fún yín?"

Akínṣọlá yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìfun ènìyàn kì í ṣófo," ni Dókítà Ìdrís wí. "Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí kò lóǹkà ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń ṣiṣẹ́ fún wa. Wọ́n ń mú oúnjẹ dà, wọ́n ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àìsàn jà, wọn kì í sì í fún kòkòrò búburú láyè. Oògùn apakòkòrò ni kápúsù yìí, kò sì mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Ó pa wọ́n pọ̀ ni. Nígbà tí àwọn rere kú, kòkòrò búburú kan gba ilé wọn. Òun ni a rí nínú ìgbẹ́ yín."

"Àìrí oorun sùn ńkọ́?" ni Mosúnmọ́lá bi í. "Ìbínú yìí ńkọ́?"

"Ìfun àti ọpọlọ a máa ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ọ̀kan bá dàrú, èkejì lè mọ̀ ọ́n lára."

Ọláwùmí pòṣé. "Kòkòrò nínú àbúrò mi! Ṣé ààtàn ni? Dókítà, obìnrin yìí ti bá yín sọ̀rọ̀ ṣáájú, àbí?"

"Màmá, bí ẹ bá tún fún un ní kápúsù yìí, ẹ̀yin gan-an ni ẹ ó pa á."

Ó kọ oògùn mìíràn fún Akínṣọlá, ó sì ní kí ó máa mu omi ògì, bí ìgbẹ́ náà bá sì ti dá, kí ó máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ògì kíkan.

Wọ́n padà sílé. Mosúnmọ́lá gbé mọ́ínmọ́ín síwájú Dámilárá. Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ojú Ọláwùmí.

"Bàbá Dámilárá, ẹ sọ̀rọ̀."

"Ṣebí gbogbo wa la gbọ́ ohun tí dókítà wí."

"Bàbá Májẹ́kódùnmí kò sí níbẹ̀. Ọmọ yìí kò sí níbẹ̀. Wọ́n pè mí ní apànìyàn níṣojú yín, ẹ dákẹ́. Ẹ la ẹnu yín báyìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n, Mosún. N kò lè dójú tì wọ́n."

"Ṣé èmi ni ẹ lè dójú tì?" Ó wọ yàrá, ó sì wọ́ báàgì rẹ̀ jáde. "N óò kó ẹrù náà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kò ní bá ẹni tí ó pe ìyá rẹ̀ ní apànìyàn gbé."

Ọláwùmí bú sẹ́rìn-ín. "Máa lọ! Ta ló dì ọ́ mú?" Ó na kápúsù sí àbúrò rẹ̀. "Gbà, jàre. Dókítà yẹn kò mọ nǹkan kan."

Akínṣọlá ti ọwọ́ náà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni ó mú fóònù rẹ̀, ó pe Bàbá Májẹ́kódùnmí, ó sì gbé ohùn fóònù náà sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Kò sí májèlé kankan. Èmi ni mo ń gbé kápúsù mì tí inú mi fi bàjẹ́, tí mo sì jẹ́ kí wọ́n pe ìyàwó mi ní apànìyàn. Irọ́ ni a pa mọ́ ọn."

"Akínṣọlá! Lójú èmi Ọláwùmí?"

"Lójú yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa mú kápúsù yín lọ."

"Nígbà tí obìnrin yìí bá pa ọ́ tán, má pè mí!" Ilẹ̀kùn dún gbàà lẹ́yìn rẹ̀.

Dámilárá bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Akínṣọlá sún mọ́ ọn, ó sì na ọwọ́ sí abọ́ náà. Mosúnmọ́lá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fa abọ́ náà sẹ́yìn.

"Tọmọ ni èyí. N kò tíì dárí jì yín. Omi ògì wà nínú ìkòkò. Ẹ lọ bù ú fúnra yín."