Ọkọ̀ Ìgbàsókè

"Àdìzát àbúrò yín ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀!" Olúwayẹ́misí gbé fóònù kúrò létí. "Ẹ ní ẹ ti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ní á ti ìlú Ṣàngó wá jókòó ti Màmá."

Adérógbà ọkọ rẹ̀ ò wojú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì ìjọ dúró ní Iyana Iyesi, ó ń retí àwọn tó kù. Àwọn tó ti wà nínú rẹ̀ ń kọrin, wọ́n gbé ẹrù lé itan. Wòlíì ti ní kí gbogbo onígbàgbọ́ péjọ sí àgọ́ ìjọ ní Ìjù, pé kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, Jésù á wá kó àwọn tirẹ̀ lọ. Adérógbà ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ bísíkíìtì. Yẹ́misí náà gbà gbọ́. Láti kékeré ni ẹ̀rù ti ń bà á kí wọ́n má lọ fi òun sílẹ̀.

"Mi ò pe Àdìzát," Adérógbà sọ jẹ́ẹ́jẹ́. "Bí Olúwa bá dé, ta ló máa bi wá léèrè?"

"Màmá ò lè dá dìde láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n. Ta ló máa fún wọn lómi?"

"Mo wàásù fún wọn títí. Wọ́n ní Mùsùlùmí ni wọ́n bí àwọn, Mùsùlùmí làwọn á kú." Omi lé ròrò sí i lójú. "Yẹ́misí, ṣé o rò pé kò dùn mí ni?"

Yẹ́misí dìde, ó fa báàgì rẹ̀ yọ.

"Bí Ó bá dé nígbà tí o wà nílé ńkọ́?"

"Á bá mi lọ́dọ̀ ìyá yín."

Adérógbà di etí aṣọ ìyàwó rẹ̀ mú. Nígbà tó yá, ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀kadà fi máa gbé Yẹ́misí délé, Màmá Ràbíátù ti já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì, ó ti wọ́ dé ẹnu ọ̀nà, ètè rẹ̀ gbẹ táútáú. Yẹ́misí gbé e, ó nù ún, ó fún un lómi mu.

"Mo pè títí," ni Màmá sọ, ahọ́n rẹ̀ wúwo. "Adérógbà dà?"

"Wọ́n ti lọ sí Ìjù, Màmá."

Màmá yíjú sí fèrèsé. "Àkókò ìrun Alásàrí ti tó. Bá mi bu omi àlùwàlá wá."

Yẹ́misí ò bù ú rí. Wòlíì ní ẹni tó bá fọwọ́ kan irú ẹ̀ ti kó àbàwọ́n bá aṣọ funfun tó fẹ́ wọ̀ lọ bá Jésù. Ó jáde síta, ó gbé kẹ́tùlù sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó wojú ọ̀run. Èéfín ilé iṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀.

"Olúwa, jọ̀wọ́," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "má tíì dé."

Ó gbé omi wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Màmá, ọwọ́ wo lẹ kọ́kọ́ ń fọ̀?"