Ohun Tí Jagun Ń Rí

"Jagun! Kúrò níbẹ̀!"

Ajá náà kò mira. Ó gbórí ti ògiri pálọ̀, lẹ́yìn àga tí ọkọ Adérónkẹ́ máa ń jókòó sí nígbà ayé rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba inú bíríkì kọjá. Nígbà tó yá, ó yí padà, ó gbójú sókè sí àga tó ṣófo náà, ó sì ń ju ìrù.

Ìyá Sùmáyà, aládùúgbò wọn ní Òkèrèwè n'Ífẹ̀, tó wá dá ìkòkò padà, dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò lè wọlé mọ́.

"Aúsùbílàhì! Ìyá Fisáyọ̀, ọkọ rẹ ló ń kí yẹn. Gbé ajá yìí fún ẹlòmíràn."

Ẹ̀rù kò ba Adérónkẹ́. Láti ìgbà tí Oyèkúnlé ọkọ rẹ̀ ti sùn tí kò jí mọ́ nínú ọyẹ́ èṣí, kò sẹ́ni tó tún ń pe orúkọ ọkùnrin náà nínú ilé. Àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ti padà sídìí iṣẹ́ wọn. Jagun nìkan ló ń hùwà bí ẹni pé baálé ilé ṣì wà. Tí ilẹ̀ bá ń ṣú, ajá náà á na etí sókè, á sáré lọ sẹ́nu géètì, á máa kùn bó ṣe máa ń kùn nígbà tí Oyèkúnlé bá ti yunifásítì dé. Adérónkẹ́ á tẹ̀ lé e, á ṣí géètì. Títì lásán ni yóò rí. Síbẹ̀ á rọra sọ pé, "Ẹ káàbọ̀," kó tó tì í padà.

Fisáyọ̀mi, ọmọ rẹ̀ tó ń gbé ní Gúúsù Áfíríkà, ló rí ajá náà nínú fídíò tó figbe ta pé ara rẹ̀ ò yá. Dókítà Fàòsíyà, tó ń tọ́jú ẹran nílé-ìwòsàn kan n'Ífẹ̀, ní kí wọ́n gbé e lọ ya skáànì n'Íbàdàn. Nígbà tí àwòrán náà dé, dókítà ṣí i lójú kọ̀ǹpútà fún Adérónkẹ́.

"Ẹ wo ibí yìí, mà. Kókó ló hù sínú ọpọlọ rẹ̀. Òun ló ń mú un gbórí ti ògiri. Òun náà ló ń mú un wo ibi tí kò sí nǹkan kan."

"Kò sí nǹkan kan?"

"Kò sí, mà."

Adérónkẹ́ tẹjú mọ́ àmì funfun kékeré tó wà nínú àwòrán náà. Kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Ó wá dà bíi pé wọ́n tún ń túfọ̀ ọkọ rẹ̀ fún un.

"Wọn ò lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un?"

"Ibi tó wà ò ṣeé fọ̀bẹ kàn. Ìtànṣán ni wọ́n ń lò, bí wọ́n ṣe ń lò ó fún èèyàn tó ní jẹjẹrẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn kùn ún lóorun kí orí rẹ̀ má baà mì, wọ́n á wá dojú ìtànṣán kọ kókó yẹn gan-an. Wọ́n á ṣe é léraléra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mi ò ní tàn yín, ó lè má pa á run pátápátá, àmọ́ ó máa ń jẹ́ kó súnkì. Ajá á tún gbádùn ara rẹ̀ fún sáà kan. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é fún ajá nílẹ̀ wa níbí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣe é lọ́dọ̀ ọmọ yín."

"Tó bá ṣiṣẹ́, kò ní máa wo ibẹ̀ yẹn mọ́?"

"Mo lérò bẹ́ẹ̀, mà." Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ló pè é.

Fisáyọ̀mi wá ibi ìtọ́jú, ó wádìí bí ajá ṣe ń wọ bàálù. "Màmá, ẹnu yín nìkan là ń dúró dè." Adérónkẹ́ ní òun ṣì ń rò ó. Ó ń fún Jagun ní oògùn tí dókítà fún un, ó sì ń sá fún ìpè ọmọ rẹ̀. Ó ti wá ń fa àga tirẹ̀ sún mọ́ ti Oyèkúnlé. Tí Jagun bá ti bẹ̀rẹ̀ sí ju ìrù, á máa ròyìn ọjọ́ fún ọkọ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, ó ń sọ̀rọ̀ òrùlé tó ń jò, ni Jagun bá ṣubú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan, ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu, ó tọ̀ sára. Adérónkẹ́ kúnlẹ̀ tì í, ó ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá. Nígbà tí gìrì náà fi í sílẹ̀, ajá lajú, ó wo Adérónkẹ́, kò dá a mọ̀. Ó fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó ń gbọ̀n. Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí obìnrin tó tọ́ ọ láti kékeré fọwọ́ kan òun. Lẹ́yìn náà ló gbórí lé e lẹ́sẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ìyà ló ń jẹ ọ́," ni Adérónkẹ́ wí. "Èmi ń ṣe bí ẹni pé àlejò lò ń gbà."

Ó pe Fisáyọ̀mi.

"Máa múra dè é. Mo ti gbà."

"Ẹ ṣé, Màmá! Mo ti rò pé ẹ ò fẹ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi pẹ́ tó báyìí?"

Jagun ti sùn lọ. Adérónkẹ́ rọra ń fọwọ́ pa á lórí.

"Ó ń rí bàbá rẹ."

Ohùn Fisáyọ̀mi lọ sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà ń rí wọn ni?"

"Rárá o. Mi ò rí wọn rí, Fisáyọ̀. Ìyẹn ni mo fi pẹ́."