Orúkọ Tó Ń Tàn

Láràárọ̀, bí ìyá ọkọ Kareemah bá ti kírun àsùbáà tán, ẹnu ọ̀nà yàrá ìyàwó rẹ̀ ló ń yà sí kó tó bu omi sẹ́nu.

"Ìyá Bàrákàt, ṣé ọkọ rẹ wà?"

"Wọ́n wà, Màmá. Orúkọ wọn ń tàn."

"Alhamdulillahi." Màmá á sì lọ wá nǹkan jẹ.

Orí kọ̀ǹpútà ni ọkọ wà. Kí Abdulqowiyy tó lọ sí Kánádà, òun àti Kareemah jọ ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ kan n'Íbàdàn ni. Inú ilé wọn n'Íwó ni wọ́n ti ń tọ́jú àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tí iléeṣẹ́ náà háyà sílẹ̀ òkèèrè. Òun ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ níṣẹ́, òun ló sì bá a fi áàpù tí wọ́n fi ń wọ inú sáfà sórí kọ̀ǹpútà. Bí èèyàn bá ṣí áàpù náà, gbogbo sáfà á tò sílẹ̀ bí ilé nínú agboolé, orúkọ ẹni tó bá wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan á sì máa tàn ní àwọ̀ ewé.

Ó ti pé oṣù mẹ́rìnlá tó ti lọ, ó sì mú iṣẹ́ náà dání lọ. Níbẹ̀rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń pè. Ó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó di ìgbà tó bá rántí. Láti ìgbà ààwẹ̀, kò pè mọ́, bí wọ́n bá sì pè é, fóònù á kàn máa dún ni. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ń tàn. Kareemah, tí kì í fẹnu pe orúkọ ọkọ, á tẹjú mọ́ orúkọ náà títí tíì rẹ̀ á fi tutù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ohun tí obìnrin yìí ní láti fi ṣọ́ ọkọ náà nìyẹn. Àárò ọkọ sọ ọ́ débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè rí ohun tí èèyàn ń ṣe nídìí iṣẹ́ ní agogo kan òru Kánádà.

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá rẹ̀, Ọládayọ̀, pè láti Ìbàdàn.

"Ìyá Bàrákàt, à ń ti gbogbo ilẹ̀kùn sáfà tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́. Ọkọ yín fi ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ bá mi tì í."

"Wọ́n ń lò ó, sà. Wọ́n wà níbẹ̀ báyìí."

"Wọn ò sí níbẹ̀ o. Áàpù yẹn ò mọ̀ bóyá èèyàn wà nínú yàrá, ilẹ̀kùn tó ṣí nìkan ló mọ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ nǹkan kẹ́yìn."

Kareemah wò ó. Ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀ ni. Oṣù márùn-ún gbáko ni òun àti Màmá ti ń dúpẹ́ nítorí ilẹ̀kùn ṣíṣí. Ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́. Ó tì í, àwọ̀ ewé náà sì pòórá.

Bí Màmá ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kareemah kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi ọ̀kan pamọ́. Màmá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò mọ̀wé kà, síbẹ̀ ó ń wo ibi tí orúkọ ọmọ rẹ̀ ti máa ń wà.

"Tún un ṣí."

"Màmá, kò sí èèyàn níbẹ̀."

"Mo gbọ́. Ṣáà tún un ṣí, kó máa tàn."

Kareemah gbé orí lé itan ìyá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Bàrákàt nìkan ló lè ṣí i, Màmá."